Igi Wó Lu Ilé: Iṣẹ́ Wákàtí Àkọ́kọ́ àti Iṣẹ́ Ọjọ́ Kejì

Igi tó wó lu ilé tàbí lu fẹ́ńsì kò tíì wó tán. Ojú lásán ló ń rí i pé ó ti dùbúlẹ̀. Ẹ̀ka tó há sábẹ́ ìtì ṣì ń tì í sókè, gbòǹgbò tí kò já tán ṣì ń fà á sẹ́yìn, ògiri tó fara tì sì ń gbé e dúró fún ìgbà tí agbára rẹ̀ bá mọ. Ẹni tó bá gbé àdá tàbí ẹ̀rọ ìgégi lé e ní ìṣẹ́jú yẹn, ohun tí kò mọ bó ṣe so ni ó ń tú. Iṣẹ́ méjì ni irú igi bẹ́ẹ̀ gbé wá. Èkínní ni kíkó ènìyàn kúrò nínú ewu, àti pípa iná, gáàsì àti ohunkóhun mìíràn tó lè pani. Ìyẹn ni iṣẹ́ pàjáwìrì, òun ló sì ni wákàtí àkọ́kọ́. Èkejì ni gígé igi náà àti kíkó o kúrò. Ìyẹn lè dúró di ọ̀la, ọwọ́ mìíràn ló sì yẹ kó ṣe é. Ibi tí a bá ti da méjèèjì pọ̀ ni ìpalára ti ń wá. Nígbà tí ìjì Hugo jà ní Puerto Rico ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1989, iná mànàmáná wà lára ohun tó pa àwọn ènìyàn níbẹ̀ lẹ́yìn tí afẹ́fẹ́ ti rọlẹ̀, tí oníkálùkù ti jáde láti tún àyíká ṣe.

Kò yẹ kí igi tó wó ní Festac, ní ìlú Èkó, ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ìjọba àpapọ̀ kọ́ àdúgbò náà kí ó lè gba àwọn àlejò ayẹyẹ FESTAC ’77, tó wáyé láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní títí di ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977. Ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ tó sún mọ́ ọ̀sà ni wọ́n kọ́ ọ sí, omi kì í sì í jìnnà sí ojú ilẹ̀ nígbà òjò ní ọ̀pọ̀ ibi ní Amuwo-Odofin, ìjọba ìbílẹ̀ tí Festac wà. Gbòǹgbò nílò afẹ́fẹ́. Kì í fẹ́ wọ inú ilẹ̀ tí omi ti kún, ẹ̀gbẹ́ ló máa ń tẹ́ lọ, kì í rìn jìnnà sísàlẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni àwa náà wá fi tiwa kún un. A da kọnkéré sí gbogbo àgbàlá, a to íńtálọ́ọ̀kì yí ìdí igi ká, a gbẹ́ ìpìlẹ̀ fẹ́ńsì, a sì gé gbòǹgbò ẹ̀gbẹ́ kan dànù. Bí ẹ̀ka bá bo ojú ṣọ́ọ̀bù, ìhà ibẹ̀ nìkan ni a máa ń gé, tí ẹrù igi á fi kó sí apá ilé. Máńgòrò, fúrúùtù àti dongoyárò tí wọ́n gbìn nígbà tí ilé ṣì jẹ́ tuntun ti dàgbà kọjá àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún wọn. Ìjì tó máa ń ṣáájú òjò ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí ìgbà òjò, láàárín oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, àti ní oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, ni yóò parí ohun tí a ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ẹni tó bá gbà pé igi tó ti pẹ́ kì í wó bojú wo Freetown. Àràbà ńlá tó dúró sí àárín ìlú náà láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, tí gbogbo Sierra Leone fi ń yangàn, wó lulẹ̀ ní òru ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún ọdún 2023 nínú òjò àti ìjì. Ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjì tó jà ní òru ọjọ́ 15 mọ́jú ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá ọdún 1987 wó igi tó tó mílíọ̀nù 15; ewé ṣì pọ̀ lórí wọn, òjò sì ti mu ilẹ̀ yó kí afẹ́fẹ́ tó dé. Ewé púpọ̀ lókè, ilẹ̀ rírọ̀ nísàlẹ̀: bí Festac ṣe rí nínú oṣù kẹwàá náà nìyẹn. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún ẹni tí igi ṣẹ̀ṣẹ̀ wó sí àgbàlá rẹ̀ ni pé igi kejì tó wà nítòsí wà nínú ẹrẹ̀ kan náà. Ẹ wo ìdí rẹ̀ kí ẹ tó kó èrò sábẹ́ rẹ̀. Bí ilẹ̀ ibẹ̀ bá ti sán, tàbí tí íńtálọ́ọ̀kì ti gbéra ní ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ fi gbogbo ìhà ibẹ̀ sílẹ̀ títí ẹni tó mọ igi yóò fi dé.

Wáyà ni kí ojú kọ́kọ́ wá, kì í ṣe igi. Ní ọ̀pọ̀ kúlóòsì Festac, òkè ni wáyà gbà wọ ilé kọ̀ọ̀kan, igi ńlá kì í sì í sábà wó láìfa ọ̀kan já tàbí kó tẹ òpó iná. Èyí tó já, èyí tó wà lábẹ́ ewé, èyí tí ẹ̀ka kàn tẹ̀ tó rọ̀ sílẹ̀, kí ẹ ka gbogbo wọn sí wáyà tí iná wà nínú rẹ̀. Ẹ jìnnà sí i tó mítà mẹ́wàá, kí ó sì ju bẹ́ẹ̀ lọ bí omi bá wà nílẹ̀, nítorí iná máa ń gba inú ilẹ̀ tútù tàn ká, ó sì lè gba ẹsẹ̀ kan wọlé kí ó gba èkejì jáde lára ẹni tó ń gbé ìgbésẹ̀ gígùn. Géètì onírin, páànù òrùlé, irin ojú fèrèsé: bí wáyà bá kan èyíkéyìí nínú wọn, òun náà ti di wáyà. Kí ẹni tó wà nínú mọ́tò tí wáyà wó lé jókòó síbẹ̀, kí ó máa pe ènìyàn láti inú ọkọ̀. Àyàfi bí iná bá ń jó ọkọ̀ náà ni kí ó fò jáde, ẹsẹ̀ méjèèjì pa pọ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ má kan ara ọkọ̀ lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ bá ti balẹ̀, kí ó sì máa wọ́ ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi jìnnà.

Ẹnìkan yóò dáhùn pé NEPA ti mú iná láti àárọ̀. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ nídìí igi tó wó, èyí ló léwu jù, nítorí pé òótọ́ ni, síbẹ̀ kò gba ẹnikẹ́ni là. Iná tí wọ́n mú kì í sọ ìgbà tí yóò dé. Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ iná tó ń dá iná padà sórí fídà kò rí igi yín níbi tó wà, kò sì mọ̀ pé ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti gùn ún pẹ̀lú àdá lọ́wọ́. Kódà kí àwọn má dá a padà, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò tí wọ́n so mọ́ wáyà ilé láìní ṣéńjóófà lè rán iná jáde sórí òpó, bí iná yẹn bá sì gba inú tiransifọ́mà kọjá, agbára rẹ̀ lè di ti wáyà ńlá tó ń gbé 11,000 fólítì. Ínfátà tí wọn kò so dáadáa náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rí kan ṣoṣo tó tó láti fi sún mọ́ wáyà ni kí òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ iná dé ibẹ̀, kí ó yọ ọ́, kí ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún yín pé òun ti yọ ọ́. Nínú ilé tiyín, bí ibi tí ṣíwíìṣì àgbà wà bá gbẹ, tí òrùlé tó bò ó kò sì fara pa, ẹ pa á, ẹ pa jẹnẹrétọ̀ àti ínfátà pẹ̀lú. Bí ibẹ̀ bá tutù, ẹ má fọwọ́ kàn án rárá.

Àwọn ohun mìíràn tó wà nínú ilé kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Sílíńdà gáàsì tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná ni kí ẹ tì lórí, bí ẹ bá lè dé ibẹ̀ láìgba abẹ́ igi. Bí òórùn gáàsì bá ti ń jáde, ẹ má tan iná, ẹ má pa á, ẹ má pe fóònù nítòsí ibẹ̀. Ẹ kó gbogbo ènìyàn kúrò nínú yàrá tí igi wà lórí rẹ̀, kódà bí àjà kò bá tíì sán, kí wọ́n sì gba ilẹ̀kùn tó jìnnà sí igi jáde. Tánkì omi tó wà lórí irin náà yẹ ní wíwò: èyí tó gba 1,000 lítà, bó bá kún, wúwo tó tọ́ọ̀nù kan, ẹ̀ka tó bá sì ti yẹ ẹsẹ̀ irin náà díẹ̀ ti ṣe púpọ̀. Bí òrùlé tàbí àjà tó fọ́ bá jẹ́ ti asbestos, bó ṣe wà nínú àwọn ilé mìíràn tí wọ́n kọ́ nígbà tí àdúgbò náà ṣì jẹ́ tuntun, ẹ má gbá a nígbà tó gbẹ. Ẹ wọ́n omi sí i, ẹ rọra kó o sínú àpò tó nípọn, nítorí eruku rẹ̀ lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún tó ń bọ̀.

Wàyí o, ẹ pe 767 tàbí 112. Nọ́ńbà pàjáwìrì ìpínlẹ̀ Èkó ni méjèèjì, wọn kì í gba owó, ọ̀dọ̀ wọn ni a ti lè rí LASEMA, ilé-iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó pàjáwìrì, àti àwọn panápaná. Ẹ pe ilé-iṣẹ́ iná lọ́tọ̀. Àwọn kan á ní ìjọba kì í tètè dé, pé kí igi ó tó kúrò lórí ilé, òjò á ti ba gbogbo ẹrù jẹ́. Àròyé yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, a kò sì gbọ́dọ̀ fojú fò ó. Àmọ́ ẹ wo bí iṣẹ́ wọn ṣe rí ní òru tí ìjì jà: igi kan kọ́ ló wó ní Èkó lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹni tí igi tẹ̀ mọ́lẹ̀, wáyà tó wà lójú títì, ọ̀nà tó dí fún ọkọ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ sáré lọ bá, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Bí tiyín bá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ohun tí ẹ bá sọ lórí fóònù ló máa mú wọn yára: ẹ sọ pé ènìyàn wà lábẹ́ rẹ̀, tàbí pé wáyà já, kí ẹ tó sọ bí igi ṣe tóbi tó. Bí kò bá sí ọ̀kan nínú wọn, tí igi kàn dùbúlẹ̀ nínú àgbàlá, agégi tí ẹ bá san owó fún ni yóò gbé e, kò sì sí ìdí tí kò fi lè di àárọ̀ ọ̀la. Fún òjò tó ń wọlé, ẹ gbé tapólì bo ẹrù nínú ilé, ní yàrá tí igi kò dé; ẹ má gun òrùlé lọ bò ó. Ohun kékeré kan wà tó máa ń jẹ Festac níyà: kúlóòsì tó ń jẹ́ lẹ́tà kan náà wà lórí rọ́ọ̀dù púpọ̀. Ẹ dárúkọ áfẹ́núù, rọ́ọ̀dù, kúlóòsì àti nọ́ńbà ilé, kí ẹ sì rán ẹnìkan lọ wá ẹni tí kọ́kọ́rọ́ géètì kúlóòsì wà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ọkọ̀ ńlá tó bá bá géètì títì pàdé ní òru lè yí padà.

Kí ẹnikẹ́ni tó gé ẹ̀ka kan, ẹ ya fọ́tò: ìdí igi àti gbòǹgbò tó yọ síta, ibi tó ti kan ilé, àti gbogbo rẹ̀ láti ọ̀kánkán. Òfin Èkó fẹ́ kí a gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ LASPARK, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó igi àti ọgbà, kí a tó gé igi, fọ́tò gbòǹgbò tó yọ sì ni ẹ̀rí pé ìjì ló wó o. Bí igi náà bá jẹ́ ti ẹ̀bá títì, ti ìjọba ni, kí ẹ sọ fún wọn kí ẹ tó ta ìtì kan nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ní ìwé adójútòfò (inṣọ́ráǹsì) lórí ilé rẹ̀ yóò nílò fọ́tò kan náà.

Ọ̀rọ̀ gígé ló kàn, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí òǹkàwé fara balẹ̀ jù. Ìtì igi tútù tó fẹ̀ ní 60 sẹ̀ǹtímítà láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, mítà kan péré nínú rẹ̀ á wúwo tó nǹkan bíi 250 kìlógíráàmù. Àpò sìmẹ́ńtì márùn-ún nìyẹn, nínú igi tó lè gùn ní mítà 12. Ènìyàn mẹ́rin kò lè dì í mú kó má bọ́. Ẹrù yìí kò sì dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́: ẹ̀gbẹ́ kan igi tó tẹ̀ ń fà le, ẹ̀gbẹ́ kejì ń fún pọ̀, bí ọrun tí ọdẹ ti fà tí kò tíì ta. Ẹni tó bá gé ẹ̀gbẹ́ tó fà le láìkọ́kọ́ dín ẹ̀gbẹ́ tó fún pọ̀ kù, igi á ya mọ́ ọn lọ́wọ́ á sì fò sókè. Ẹni tó bá gé ẹ̀gbẹ́ tó fún pọ̀ jìn jù, igi á di ẹ̀rọ mú. Gbòǹgbò tiẹ̀ tún burú. Bí igi bá fà tu pẹ̀lú erùpẹ̀, ìwọ̀n ìtì tó nà sílẹ̀ ló ń mú kí gbòǹgbò náà dúró sókè. Lọ́gán tí wọ́n bá gé ìtì kúrò, ó lè padà sínú ihò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú ọmọ tó ń ṣeré níbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dúró sínú ihò náà tàbí lẹ́yìn gbòǹgbò, kí wọ́n sì fi okùn dè é tàbí kí wọ́n fi igi tì í kí wọ́n tó gé ìtì.

Igi tó wà lórí òrùlé kò ṣeé gé bí èyí tó wà nílẹ̀. Ohun tí ẹ bá gé kúrò níbẹ̀ á yí bí ẹrù ṣe pín lórí ògiri, ìyókù á sì yẹ̀ lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kò retí. Ẹ̀ka kéékèèké tí kò gbé nǹkankan ró ni a kọ́kọ́ ń gé, láti òde wọlé, èyí tó bá sì wúwo nínú ìtì, kireenì tàbí okùn àti pólì ni kó gbé e kí ẹ̀rọ tó kàn án. Sókàwéè sì ni ìdẹkùn kireenì. Ní ọ̀pọ̀ àgbàlá, íńtálọ́ọ̀kì ti bo ojú rẹ̀ débi pé ayálégbé kò mọ ibi tó wà. Kí lánlọ́ọ̀dù fi ẹfun sàmì sí i kí ọkọ̀ tó wọlé, nítorí ọkọ̀ ńlá tó bá tẹ ìdérí rẹ̀ lè ri sínú rẹ̀, á sì wá di iṣẹ́ pàjáwìrì kejì.

Àwọn tí kò gba ìmọ̀ràn yìí máa ń sọ pé àáké lásán ni bàbá wa fi ń gé ìrókò. Bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ nínú oko ni, igi tó dúró ni, wọ́n sì ti yan ibi tí yóò wó sí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Igi tó ti wó lu ilé kò fún wa ní àyè láti yan nǹkankan. Àáké sì máa ń kìlọ̀, igi á dún, á sán díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rọ ìgégi kì í fún ni lákòókò bẹ́ẹ̀: bí apá òkè ṣóńṣó rẹ̀ bá kan igi, ó lè ta padà sójú ẹni tó mú un kí ó tó mọ̀ rárá. Àwọn mìíràn á ní agégi àdúgbò àwọn ti ń ṣe é láti ọdún pípẹ́, kò sì tíì farapa. Ó lè jẹ́ pé ó mọ iṣẹ́, ó sì lè jẹ́ pé orí ló ń yọ ọ́, fífi ojú wò ó nìkan kò sì lè sọ èwo ni. Ìbéèrè tó bá bi yín kí ó tó dá owó ni yóò sọ ọ́. Bó bá bèèrè nípa wáyà, sókàwéè àti ẹni tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, tó rìn yí igi ká lẹ́ẹ̀mejì, tó ní akoto, awò ojú, bàtà líle àti okùn, tó sì mú ẹnì kejì tí yóò máa ṣọ́ ọ dání, ẹ bá a dúnàá-dúrà. Èyí tó bá gbé àkàbà sórí ògiri, tó fẹ́ fi ọwọ́ kan mú ẹ̀rọ, ẹ fún un lówó ọkọ̀, kó máa lọ. Kí ẹ sì jọ fẹnu kò ṣáájú: ṣé kíkó igi lọ wà nínú owó náà, ta ni ìtì yóò jẹ́ tirẹ̀, ta ni yóò tún fẹ́ńsì aládùúgbò mọ bó bá fọ́ lásìkò iṣẹ́? Ìlàjì owó lẹ́yìn iṣẹ́ ló dára.

Bí igi náà bá ti àgbàlá ẹlòmíràn wá, àríyànjiyàn á bẹ̀rẹ̀ kí ewé tó rọ. Aládùúgbò á ní àmúwá Ọlọ́run ni. Nígbà mìíràn òótọ́ ló sọ, nítorí igi tí ara rẹ̀ dá lè wó nínú ìjì líle láìjẹ́ ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Àmọ́ igi tí olú ti ń hù nídìí rẹ̀, tí inú rẹ̀ ti ṣófo, tó ti ń fì láti ọdún tó kọjá, tí wọ́n sì ti sọ fún onílé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀, ìyàtọ̀ náà sì ni adájọ́ máa wò: ṣé ẹni tó ni ín mọ̀, tàbí ṣé ó yẹ kó mọ̀? Nítorí èyí, àkọsílẹ̀ tí ẹ bá fi ránṣẹ́ sí onílé ṣáájú ìjì, kódà kó jẹ́ orí WhatsApp, níye lórí ju ariwo ẹ̀yìn ìjì lọ. Kí ẹ tó dé kóòtù, ilé-iṣẹ́ ìlàjà ìpínlẹ̀ Èkó, Citizens’ Mediation Centre, máa ń parí irú ẹjọ́ yìí láìgba owó.

Ẹ̀ka àti ewé ni kí ẹ kọ́kọ́ kó kúrò lójú gọ́tà, kódà bí ìtì bá ṣì wà nílẹ̀, nítorí òjò kejì kì í pẹ́ dé lẹ́yìn irú ìjì bẹ́ẹ̀, gọ́tà kúlóòsì kan tó bá sì dí, ilé mẹ́wàá ni omi rẹ̀ lè wọ̀. Ẹ má dáná sun ún lábẹ́ wáyà. Ọkọ̀ PSP tó ń kó pàǹtírí lè gba ewé tí ẹ dì sínú àpò, ìtì ni kò ní gbà. Ní ti ihò tí gbòǹgbò fi sílẹ̀, ẹ yẹ páìpù omi àti ti sókàwéè tó gba ibẹ̀ kọjá wò, kí ẹ tún èyí tó bá já ṣe, kí ẹ tó fi erùpẹ̀ dí i ní ìpele ní ìpele, kí ẹ máa gún un mọ́lẹ̀. Ẹ má fi pàǹtírí dí i. Kí ìgbà òjò kan kọjá lórí rẹ̀ kí ẹ tó to íńtálọ́ọ̀kì padà, nítorí ilẹ̀ ibẹ̀ yóò ṣì rì.